Bí Mo Ṣe Mọ̀ Pé "Òtùtù" Ọmọ Mi Kì í Ṣe Òtútù

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, lálaalẹ́ ni mo ń fi aṣọ bo ọmọ tí kò ní kí n fi aṣọ bo òun. Ọmọ oṣù 19 ni ọmọbìnrin wa nígbà náà. Bí a bá ti tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí a pa iná, tí a sì ti ń dé ẹnu ọ̀nà, igbe kan náà ló máa ń ké: "Òtùtù! Òtùtù!" Màá sáré padà lọ mú aṣọ ìbora. Á fi ẹsẹ̀ ta á nù. Màá tún bò ó. Á tún ta á nù, òógùn á ti bò ó lọ́rùn, ẹkún á wá di ariwo. Ìyá rẹ̀ á fọwọ́ kàn án níwájú orí bóyá ibà ni. Ara rẹ̀ kò gbóná. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ó dákẹ́, ó wò mí bí ẹni tó ti ń bá àlejò tí kò gbédè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, tó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ìwò yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí.

Kì í ṣe ọmọ tó ya odi o. Kí ojúmọ́ tó mọ́ tán ló ti máa ń sọ̀rọ̀, sí ìrọ̀rí, sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, sí fèrèsé. Ṣùgbọ́n àwa gan-an tí a bí i, nǹkan bí ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ni kò yé wa.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe ni pé mo máa ń bi í pé, "Kí lo wí? Tún un wí kí n gbọ́." Á tún un wí. Mi ò ní gbọ́. Màá ní kó tún un wí. Tó bá di ìgbà kẹta, ẹkún ló máa fi dáhùn, tàbí kó dákẹ́ pátápátá, kó kàn fa ọwọ́ mi lọ síbi tí nǹkan náà wà. Ìdákẹ́ yẹn ló dùn mí jù. Ọmọ ń gbìyànjú láti fi ẹnu béèrè nǹkan, èmi bàbá rẹ̀ sì ń kọ́ ọ pé ẹnu kò wúlò. Nígbà mìíràn, màá máa kó nǹkan wá síwájú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣé èyí ni, àbí ìyẹn ni, títí tí yóò fi gba ọ̀kan. Tó bá ti gbà á, màá ní ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé àárẹ̀ ló ń mú un gbà á.

Ìyá mi ló já mi kúrò nínú rẹ̀. Ó wá kí wa lópin ọ̀sẹ̀ kan, ó jókòó, ó ń wo èmi àti ọmọ. Nígbà tó yá ó ní, "Ìwọ, ẹnu ọmọ yìí lò ń wò ṣáá. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wo ibi tó ń wò kó o tó bi í ní ohun tó wí." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láìmọye ìgbà, àárín àgbà sí àgbà ni mo sì mọ̀ ọ́n mọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màámi," mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú. Láàárín ọjọ́ méjì mo rí ohun tí mo ti ń pàdánù. Ọmọ yìí máa ń kọ́kọ́ wo nǹkan tó fẹ́, á wá wò mí, lẹ́yìn náà ni á tó la ẹnu. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Èmi, ìgbà tó bá la ẹnu ni mo máa ń gbójú sókè. Nígbà yẹn, ojú rẹ̀ ti kúrò lára nǹkan náà, ó ti wà lára mi, màá wá máa wá kiri ohun tó ti fi hàn mí tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìka. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti máa ń nàka sí nǹkan ní nǹkan bí ìgbà tí wọ́n bá pé ọdún kan, kí ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lẹ́nu wọn rárá. Ọ̀rọ̀ ni ìka yẹn.

Mo wá mú ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, mo fa ìlà pín ojú ewé rẹ̀ sí mẹ́rin: ohun tó sọ, ibi tó wà àti ohun tó ń ṣe, ibi tó ń wò, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ tó fi dákẹ́. Apá kẹrin yẹn ni mo fi gbogbo ara gbára lé, ó sì ní ìdí. Ní àkókò náà, "yáyá" ni ọmọ wa máa ń fi dá gbogbo ìbéèrè lóhùn, "rárá" ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣé o fẹ́ omi? Yáyá. Á sì na ọwọ́ gba ife. Torí náà, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò lè jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ̀rí tó wà ni pé ṣé ó ṣì ń pe ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá ṣe ohun tó fẹ́ gan-an, kò ní pe ọ̀rọ̀ náà mọ́, á bá ohun mìíràn lọ. Bí mo bá ṣi í gbọ́, á gba nǹkan tí mo fún un, á mú un dání, á tún máa pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ní ohùn jẹ́jẹ́. Mo ti fojú fo "ohùn jẹ́jẹ́" yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìṣe ọmọkùnrin rẹ̀ àkọ́bí sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1877. Ó ní nígbà tí ọmọ náà pé ọdún kan géérégé ló dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fún oúnjẹ: "mum". Deb Roy, olùkọ́ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó de kámẹ́rà 11 àti makirofóònù 14 mọ́ òkè àjà ilé rẹ̀, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta gba ohùn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá to gbogbo ìgbà tí ọmọ náà ń gbìyànjú láti pe omi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ léra, láti orí "gaga" títí tó fi di "water". Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ìrìn-àjò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn gbà. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ lórí ohun kan: ó ní ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń tọ̀ bọ̀. Bí mo bá rí ọ̀nà náà, mo lè pàdé ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, kí n má dúró dè é dìgbà tó bá délé.

Ṣùgbọ́n mo ṣe àṣìṣe ńlá kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i. Èmi tí ara mi kì í gbà á bí ẹnì kan bá kọ "ọkọ" àti "ọkọ̀" bákan náà! Mo kàn gbà lọ́kàn ara mi pé ọmọdé kò tíì ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, pé ẹnu rẹ̀ ń já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó bá ṣe bọ́ sí ni. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, "baba" wà nínú ìwé náà ní ìgbà 23, kò sì sí ohun tí kò fẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Ó ń sọ ọ́ bí mo bá wọlé. Ó ń sọ ọ́ bí mo bá ń jáde. Ó ń sọ ọ́ nígbà tí mi ò sí nílé rárá, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ. Inú mi ti ń dùn, mo rò pé ó ń ṣàárò mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wá bá mi lórí àga, ó gbé bàtà mi ẹsẹ̀ kan dání, ó ń tì í mọ́ mi lẹ́sẹ̀. "Bàbà," ló ń wí. Mo dáhùn, "Ọmọ mi." Ó mi orí. "Bàbà!" Ó fi bàtà náà lu orúnkún mi. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ. Dò dò. Ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì. Èmi ni dò mí, bàbá. Bàtà ni dò dò. Ó ti gbé b iwájú lọ fi dí ipò t, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ohùn ọ̀rọ̀ náà rárá, ó wà níbẹ̀ pérépéré. Lóòótọ́, ó dùn mí díẹ̀ pé púpọ̀ nínú ìpè tí mo ti ń jẹ́ kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n ayọ̀ tó bò mí ju ìyẹn lọ. Ọmọ tí kò tíì lè pe k, tí kò lè pe r, ti mọ dò, re, mí.

Mo gbé ìwé náà, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó kọ lẹ́tà kankan sílẹ̀, mo kọ́kọ́ máa ń kọ ohùn: dò dò, dò mí, mí mí mí. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kà pé àwọn onímọ̀ èdè méjì, Charles Li àti Sandra Thompson, ti rí irú rẹ̀ lára àwọn ọmọ tó ń kọ́ Mandarin, èdè àwọn ará Ṣáínà, ní Taiwan, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1977: àwọn ọmọ náà ti mọ ohùn ọ̀rọ̀ lò dáadáa kí wọ́n tó mọ àwọn kọ́nsónáǹtì àti fáwẹ̀lì rẹ̀ tán. Èdè olóhùn ni Mandarin, bíi tiwa. Ó yẹ kí n ti rò ó láti ilé. Ọmọ ti ń gbọ́ orin ọ̀rọ̀ kó tó ní eyín kankan lẹ́nu. Kódà Darwin, tí èdè rẹ̀ kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ṣàkíyèsí pé bí ọmọ òun bá ń fi "mum" béèrè oúnjẹ, ó máa ń gbé ohùn ìparí rẹ̀ bí ẹni tó ń bi ni léèrè.

Nígbà tí ohùn ti dúró, mo wá rí i pé kọ́nsónáǹtì pàápàá kò dàrú bí mo ṣe rò. Ó ní òfin. Kọ́kọ́rọ́ ni "tọ́tọ́yọ́". Kẹ̀kẹ́ ni "tẹ̀tẹ́". Ọkọ̀ ni "ọtọ̀". Bó bá fẹ́ kí n gbé òun sókè, "tótè" ni. Mo to wọn sábẹ́ ara wọn, ó sì hàn kedere: gbogbo ibi tí k bá wà, t ló ń fi sí i. Ẹ fi ahọ́n yín wò ó. Ẹ̀yìn ahọ́n ló máa ń gbéra láti pe k, ibi tí ojú kò lè dé. Iwájú ahọ́n ló ń pe t, lẹ́yìn eyín níbí, níbi tí ọmọ lè rí lẹ́nu ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní oríṣiríṣi èdè ló máa ń gbé k wá sí iwájú báyìí. L àti r di y lẹ́nu rẹ̀: "bọ́ọ̀yù" ni bọ́ọ̀lù. Ṣ àti s di t: "tíbí" ni ṣíbí. Gb, tó jẹ́ pé ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi b nìkan sí i: "bé mi", gbé mi. Fáwẹ̀lì tó ń ti imú jáde náà, ó máa ń yọ imú kúrò níbẹ̀. "Tú te!" túmọ̀ sí tún ṣe, mo sì ń gbọ́ ọ tó ìgbà 30 lójúmọ́ bí mo bá ti ń fì í. "Iyẹ̀tù" ni ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iyẹ̀tù yìí sọ́kàn.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé ọmọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa dáadáa. Nígbà tí òfin rẹ̀ ti yé mi, mo rò pé ó máa dùn mọ́ ọn bí mo bá ń sọ èdè tirẹ̀ padà sí i. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sókè, mo ní, "Ṣé tọ́tọ́yọ́ lo fẹ́?" Ó kojú sókè pẹ̀lú ìbínú. "Yáyá! Tọ́tọ́yọ́!" Mo tún un sọ bó ṣe sọ ọ́. Ó fẹ́ẹ̀ sunkún. Mo wá ní, "Kọ́kọ́rọ́." Ara rẹ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Hẹn. Tọ́tọ́yọ́." Ní ọdún 1960, àwọn olùwádìí èdè ọmọdé méjì, Jean Berko àti Roger Brown, kọ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó ń pe ẹja ìṣeré rẹ̀ ní "fis" dípò "fish". Bí àgbà bá bi í pé "fis" rẹ rèé, á ní rárá. Bí àgbà bá wí i bó ṣe yẹ, á gbà. Etí ọmọ ti dé ibi tí ẹnu rẹ̀ kò tíì dé. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ṣe àfarawé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, bí ọmọ tilẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń gba ibi tó fẹ̀ náà wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pẹ́ yé mi. "Ajá" ni ohun gbogbo tó bá fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn, títí kan màlúù inú ìwé àwòrán. "Ẹyẹ" ni ohunkóhun tó bá ń fò, títí kan ọ̀rá tí atẹ́gùn gbé. Mi ò rò pé ó rò pé ajá ni màlúù. Ọ̀rọ̀ tó ní kò tíì tó iye nǹkan tó ń rí ni, ó sì ń fi èyí tó sún mọ́ ọn jù ṣiṣẹ́.

Láàárín èyí, ẹ̀rù ṣì ń bà mí nípa etí rẹ̀, a sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n gbé e lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìró á wá láti ọ̀tún tàbí òsì. Bó bá yíjú síbẹ̀, ohun ìṣeré kan á tan iná. Wọ́n tún fi nǹkan kékeré kan sí i létí, tó ń ti afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé láti mọ̀ bóyá awọ ìlù etí ń mì bó ṣe yẹ, nítorí pé omi lè dá sẹ́yìn rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, kí ọmọ má gbọ́ ọ̀rọ̀ ketekete, kí ẹnikẹ́ni má sì fura. Etí rẹ̀ dára. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé bí ọmọ bá pé ọdún 2, nǹkan bí ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àlejò máa gbọ́. Ní ọdún 3, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ní ọdún 4, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí kò bá tíì ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ní oṣù 16, tàbí tí kò so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ ní oṣù 24, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wá ń pòórá lẹ́nu rẹ̀, kí òbí rẹ̀ má ṣe sọ pé á tó àkókò. Kó gbé e lọ.

Ó wá ku "òtùtù". Nínú ìwé mi, "òtútù" ni mo ṣì ń kọ, pẹ̀lú ohùn òkè láàárín, nítorí pé ó ti dá mi lójú pé mo mọ̀ ọ́n. Apá kẹrin rẹ̀ nìkan ni kò bára mu: mo fi aṣọ bò ó, kò dákẹ́. Mo tún fi aṣọ bò ó, kò dákẹ́. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 17, mi ò sì bi ara mi léèrè.

Mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ mẹ́rin. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, tí ọmọ ń sùn, mo tẹ̀ ẹ́ fún ìyá rẹ̀ ní pálọ̀. Mo ní, "Má pe ọ̀rọ̀ náà. Kàn fi imú kùn ún bí orin fún mi." Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó pa ẹnu dé, ó kùn ún. Dò. Dò. Dò. Mo ní kó tún un ṣe. Dò dò dò. Kò sí òkè kankan níbẹ̀. Dò mí dò ni òtútù, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èdè wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi kò gbé ohùn yẹn sókè rí. Etí mi ló ń gbé e sókè fún un, lálaalẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ni mo ń retí.

A ṣí ìwé sílẹ̀ láàárín àwa méjèèjì. A wo apá kejì, ibi tó wà àti ohun tó ń ṣe. Yàrá, a ti pa iná. Yàrá, a ti pa iná. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìrọ̀lẹ́. Yàrá. Lẹ́yìn náà ni ìlà kan tí mo ti fi àmì ìbéèrè sí, nítorí mo rò pé mo ṣi í kọ ni: ọ̀sán gangan, oòrùn mú, bọ́ọ̀lù rẹ̀ yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní òtùtù, kò wọ ibẹ̀. Àti òmíràn: ó kó orí sínú páálí, ó yọ orí kíá, ó ní òtùtù. Ìka mi wá bọ́ sí ojú ewé kejì, ibi tí mo kọ "iyẹ̀tù" sí, pé ilẹ̀kùn ni. Kùn ti di tù níbẹ̀. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ pe e jáde, ó rọra pè é:

"Òkùnkùn."

Àwa méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ yìí ti ń sọ fún wa pé òkùnkùn ń ba òun lẹ́rù, ó pe ọ̀rọ̀ náà dáadáa gẹ́gẹ́ bí òfin ẹnu rẹ̀, kò ṣi ohùn kan ṣoṣo pè. Àwa sì ń fi aṣọ bò ó, nígbà mìíràn títí dé orí, tí a ń fi òkùnkùn kún òkùnkùn. Mi ò lè kọ gbólóhùn yẹn tán kí ọkàn mi má bàjẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí n tó pa iná. Mo gbé e sọ́wọ́, mo fi ọwọ́ kejì pa á. Ó di ọrùn mi mú. "Òtùtù." Mo ní, "Òkùnkùn ni. Òkùnkùn ń bà ẹ́ lẹ́rù." Ó fa orí sẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí ojú rẹ̀ tó ń wo ojú mi, ó pẹ́ níbẹ̀. "Hẹn," ló wí, kò kígbe, ó sì gbé orí lé èjìká mi. Kò pe ọ̀rọ̀ náà mọ́ ní gbogbo òru yẹn. Mo tan iná kékeré kan sí igun yàrá, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀, ó sùn láìní aṣọ kankan lára ju èyí tó wọ̀ lọ. Nínú apá kẹrin ìwé mi, mo kọ: ó dákẹ́. Kí ìbéèrè má bàa kù, mo da omi tútù díẹ̀ sí i lọ́wọ́ ní ọjọ́ kejì. Ó fa ọwọ́ padà, ó rẹ́rìn-ín: "Òtútù!" Dò mí dò, ketekete. Ọ̀rọ̀ méjì ló ní láti ìbẹ̀rẹ̀, kò da wọ́n pọ̀ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣe ohun méjì tí mo rò pé ó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí a mọ̀, tó jẹ́ 61 nígbà náà, sórí bébà kan pẹ̀lú àmì ohùn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ìyá mi àti ẹni tó máa ń bá wa mójú tó o lè gbọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Ó burú kí ọmọ jẹ́ ẹni tí èèyàn méjì péré gbọ́ èdè rẹ̀ láyé. Èkejì ni pé bó bá pe ọ̀rọ̀, mo ń dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà gan-an bó ṣe yẹ kó rí, láàárín gbólóhùn mi, láìní kó tún un pè. "Tọ́tọ́yọ́." "Bẹ́ẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ ìyá ẹ ni. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀." Mi ò fi ipá mú un. Ó ń gbọ́, ó ń wo ẹnu mi, èmi náà ń wo ojú rẹ̀.

Bí ó ti ku oṣù kan kó pé ọdún méjì, k dé. Orí kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ bà lé, "kọ́kọ́yọ́", ní ọjọ́ kan tí kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Tẹ̀tẹ́ di kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Mo ń kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, àwọn ọ̀rọ̀ tí mi ò ní gbọ́ mọ́. Òkùnkùn nìkan ni kò tíì yí padà, bóyá nítorí pé ó gùn, bóyá nítorí pé ọ̀rọ̀ òru ni.

Lálẹ́ àná, mo tan iná kékeré náà kí n tó pa ti ńlá. Ó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó nàka sí i, ó wò mí, ó ní, "Òtùtù ti yọ." Òkùnkùn ti lọ. Mo jáde lọ bá ìwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó kọ lẹ́tà: dò dò dò, re re.